Kí Ló Dé Tí Owó Oníbàárà Àtijọ́ Fi Ju Ti Ẹni Tuntun Lọ?

Ìbéèrè: Àbúrò wa, okun o. Kàbbà ni mo ti ń tẹ̀wé: ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, àti kàlẹ́ńdà tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń sáré gbé wá lóṣù Kejìlá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń san owó oṣooṣù lórí sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìsánlú, ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ yìí kan náà, ìdajì owó tí mò ń san ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí mò ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ ń bu èènì fún mi torí pé oníbàárà rẹ̀ ni mí. Kí ni mo ṣe fún àwọn wọ̀nyí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n kàn mọ̀ pé ẹ ò lè lọ ni. Iṣẹ́ yín wà nínú fáìlì tí sọ́fítíwíà wọn nìkan lè ṣí dáadáa. Bí ẹbí kan bá dé pé irú ètò ìsìnkú tí ẹ ṣe fún ìyá àwọn làwọn fẹ́ fún bàbá, ibẹ̀ náà lẹ ó padà sí. Ìyá onígààrí mọ̀ pé ẹlòmíì ń tà nítòsí òun. Àwọn wọ̀nyí ò bẹ̀rù ẹnì kankan, owó sì ń jáde fúnra rẹ̀ lórí káàdì báńkì yín. Ọmọ Ìsánlú ṣì lè yan ibòmíì, ojú tirẹ̀ ni wọ́n ń fà mọ́ra.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó ti ní Photoshop àtijọ́, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ń san owó tó kéré sí ti ẹni tuntun bó bá fẹ́ gba èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lọ́dún 2013 ni Adobe, iléeṣẹ́ tó ni Photoshop, kéde pé ẹ̀dà tuntun kò ní jẹ́ ohun tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan mọ́, àsansílẹ̀ ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Cancel sí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì parí rẹ̀ o. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn á bi yín pé kí ló dé, wọn á wá gbé ẹ̀dínwó tàbí oṣù kan méjì lọ́fẹ̀ẹ́ síwájú yín. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí! Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo àdéhùn yín. Àdéhùn ọdún kan tí à ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fara jọ ti oṣooṣù gan-an, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá já a láàárín lè san owó ìtanràn. Ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà torí ẹ̀ pe Adobe lẹ́jọ́ lóṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n ní iléeṣẹ́ náà kò jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ dáadáa nípa owó ìtanràn yẹn. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kí ọdún àdéhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kìíní 2022, iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ àti ilé kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju iye tí wọn ó gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun lọ. Kò kan sọ́fítíwíà, Kàbbà kì í sì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ máa fi ẹ̀dà PDF gbogbo iṣẹ́ yín pa mọ́. Ẹ sì fi káàdì kékeré kan dán Scribus wò, sọ́fítíwíà mìíràn tí a fi ń to ìwé fún títẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ọwọ́ yín bá mọ́ ọn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀ láti dínwó, ẹ ó lè tẹ Cancel yẹn dópin.