Ọmọ mi fẹ́ máa fi Sátidé sinmi bíi tàwọn ẹlẹ́sìn Búdà

Ìbéèrè: Ẹ kú wíkẹ́ńdì o, ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ló ń kà nípa ẹ̀sìn Búdà kiri, ní báyìí tó bá ti di Sátidé á pa fóònù, á jókòó sójú kan á dijú, á tún dìde á máa rìn jẹ́jẹ́ nínú yàrá, tí mo bá ní kó wá ká jọ wo fíìmù á ní òun ò wò lónìí, tọ́sàn bá sì ti pọ́n kò ní jẹun mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Onígbàgbọ́ ni wá. Bàbá ẹ̀ ní kí n dá a dúró kíá, àmọ́ ká sòótọ́, ara ọmọ yẹn máa ń balẹ̀ ní Sátidé ju tèmi tí mò ń fi gbogbo wíkẹ́ńdì sáré lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọkùnrin tèmi náà ń ṣe é, èmi gan-an sì máa ń bá a jókòó, mi ò tìtorí ẹ̀ pa ṣọ́ọ̀ṣì tì.

Ohun tó ń ṣe yẹn, kò dédé rò ó látorí ara ẹ̀ o. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Uposatha, òṣùpá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe Sátidé: tóṣùpá bá lé, tó bá kún, àti ọjọ́ tó bá dé ìdajì. Ní Sri Lanka, gbogbo ọjọ́ tóṣùpá bá kún ni ìjọba fi ṣe họ́lidè, Poya lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì, àwọn òṣìṣẹ́ abiyamọ bíi tiwa, lè gba òfin mẹ́jọ: wọn ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí, wọn ò ní jalè, wọn ò ní ní ìbálòpọ̀, wọn ò ní purọ́, wọn ò ní mutí, wọn ò ní jẹun lẹ́yìn ọ̀sán gangan, kò sí ijó, orin, ìran wíwò àti ìṣaralóge, wọn ò sì ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì gíga olówó ńlá. Fíìmù tó kọ̀ àti oúnjẹ tí kò jẹ, ibẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe pé ó ń bá yín ṣọ̀tá.

Oúnjẹ yẹn ni mi ò fara mọ́. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́, ẹ sọ fún un láìpariwo, kẹ́ ẹ sì fi ìtàn Búdà fúnra ẹ̀ tì í lẹ́yìn: Siddhartha, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó di Búdà, febi pa ara ẹ̀ títí ó fi ku egungun, ó wá rí i pé ibi tóun ń lọ kọ́ nìyẹn, ó gba ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Sujata, ó jẹ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ jókòó sábẹ́ igi tó ti rí òye tó ń wá. Kò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé kì í jẹun dáadáa láwọn ọjọ́ yòókù náà, tàbí ó ń rù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Búdà nìyẹn o, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Èyí tó bá ilé wa mu jù ni ti Thich Nhat Hanh, mọ́ńkì ará Vietnam tó kú ní 2022. Níbi tóun àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1982, tí wọ́n ń pè ní Plum Village, wọ́n ní ọjọ́ ọ̀lẹ lọ́sẹ̀, bí mo ṣe wí i yẹn náà ni, ọjọ́ tí kò sí tàìmù-tébù, ẹni tó bá fẹ́ rìn á rìn, ẹni tó bá fẹ́ mu tíì á jókòó tì í, ẹni tó bá fẹ́ sùn á sùn. Tí aago bá dún níbẹ̀, kálukú á dákẹ́, á máa fọkàn bá èémí ẹ̀ lọ. Ohun tá a mú níbẹ̀ kò pọ̀: fóònù gbogbo wa ń wọ dúrọ́ọ̀ títí di ọ̀sán, a ó jókòó díẹ̀, a ó jáde rìn láìní ibì kankan tá à ń lọ, ohun kan ṣoṣo là ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kó fi àṣàrò sá fún abọ́ fífọ̀ o! Nílé àwọn mọ́ńkì Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ilẹ̀ gbígbá àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń jókòó ni wọ́n ń ṣe é.

Ní ti bàbá ẹ̀, ẹ má tàn án pé kì í ṣe ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ni. Búdà ò pe ara ẹ̀ ní Ọlọ́run, àmọ́ ẹni tó bá wọ ẹ̀sìn náà ń sá di Búdà, ẹ̀kọ́ ẹ̀ àti àwùjọ ẹ̀, kò sì dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó kàn ń jókòó kí ọkàn ẹ̀ lè rọ̀. Ẹ bi ọmọ léèrè èwo lòun ń ṣe, kí bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Tí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní dá Sátidé yẹn dúró. Ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jókòó, tí oorun bá gbé yín lọ níbẹ̀, ẹ sùn jàre.