Kí ni "j" ń ṣe nínú ìṣirò iná?

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára, ìdáhùn tí wọ́n fún ọ ló bí mi nínú. O ní o to rẹ̀sísítọ̀, tó ń dènà iná, àti kàpásítọ̀, tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, tẹ̀ léra lórí iná fóltì 10, mítà ka 6 lórí ọ̀kan, ó ka 8 lórí ìkejì, o rò ó pọ̀, ó di 14. Ẹnìkan wá sọ fún ọ pé "j" tó wà nínú ìwé ló fà á, pé nọ́ńbà àfinúrò ni j, nítorí náà iná tí kò sí rárá ni mítà rẹ ń kà. Irọ́ ni! Fóltì 8 yẹn wà níbẹ̀ gidi, bí 6 ti rẹ̀sísítọ̀ ṣe wà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ iná, ohun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń tẹnu mọ́: àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ṣé o ti fara balẹ̀ gbọ́ àwọn onídùndún rí? Ìyá ìlù, kẹríkẹrì, gúdúgúdú, ìrìn kan náà ni gbogbo wọn jọ ń rìn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju méjì lọ: bí dídún oníkálukú ṣe rinlẹ̀ tó, àti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí awọ. Bó o bá ti mọ méjèèjì, kò sí ohun tó kù, torí ìrìn yẹn ti di ti gbogbo wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ iná ń pè ní phasor nìyẹn: ọfà tó ń sọ méjèèjì. Iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, gbogbo ohun tó sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kí la wá ń gbé 50 yẹn kiri inú ìṣirò fún? A yọ ọ́ kúrò, a fa ọfà: gígùn ọfà ni bí fóltéèjì ṣe pọ̀ tó, ibi tó kọjú sí ni àsìkò rẹ̀.

Ó ya, ká wo tìrẹ. Ká ní rẹ̀sísítọ̀ rẹ jẹ́ ohm 30, kí kàpásítọ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi máíkírófárádì 80, máa dènà iná bí ohm 40. Kọ́rẹ́ǹtì kan náà, ámpíà 0.2, ló ń gba inú méjèèjì kọjá. Fóltéèjì rẹ̀sísítọ̀ ń bá kọ́rẹ́ǹtì gòkè pọ̀. Ti kàpásítọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kọ́rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kún un kí fóltéèjì rẹ̀ tó ga. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo gbẹ́yìn, ìyẹn ìdá 5 nínú 1,000 sẹ́kọ́ǹdù. Nígbà tí ti rẹ̀sísítọ̀ bá dé góńgó, orí òdo ni ti kàpásítọ̀ wà; nígbà tí ti kàpásítọ̀ bá dé góńgó, ti rẹ̀sísítọ̀ ti bọ́ sí òdo. Wọn kì í jọ dé òkè! Mítà kò mọ àsìkò, bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kà. Fa ọfà 6 sí ọ̀tún, fa ọfà 8 láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan, torí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, ìyẹn dígírì 90, gbẹ́yìn, kó o wá fi rúlà wọn ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó o parí sí. 10 géérégé.

Àṣẹ lásán ni j: yí ọfà yìí ní dígírì 90. Ọfà tó kọjú sí ọ̀tún, j kan á nà án sókè, j kejì á dojú rẹ̀ kọ òsì, òdìkejì ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí rèé tí j lọ́nà j fi jẹ́ −1. Kàpásítọ̀ rẹ jẹ́ −j40, torí ìsàlẹ̀ ló ń yí ọfà sí. Ti kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé yípo-yípo, +j ni.

Charles Proteus Steinmetz, ọmọ Breslau tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1889, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ iná ní Chicago ní 1893. Arthur Kennelly, onímọ̀ iná bíi tirẹ̀, náà ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ké "CIVIL" lákọ̀ọ́sórí: nínú C (kàpásítọ̀), I (kọ́rẹ́ǹtì) ṣáájú V (fóltéèjì), V ṣáájú I nínú L (kọ́ìlì). Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á tẹ "Pol", bọ́tìnnì tó ń ṣírò gígùn ọfà àti ibi tó kọjú sí, lórí kakulétọ̀, ìdáhùn á jáde, ó parí. Pépà gíráàfù, kọ́ńpáàsì àti rúlà la fi kọ́ tiwa. Bí ọfà rẹ kò bá parí síbi tó yẹ, ojú ara rẹ ló máa rí àṣìṣe náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá rúlà padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi kàpásítọ̀ fáànù òkè àjà hàn wọ́n. Òun ló ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì kọ́ìlì kejì ṣáájú ti àkọ́kọ́, kí fáànù lè mọ ibi tí yóò yí sí. Bó bá bàjẹ́, fáànù á máa kùn lójú kan, àfi tó o bá fọwọ́ tì í.

Inú iná tó ti fìdí múlẹ̀ nìkan ni gbogbo èyí ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ tan síwíìṣì. Bó bá sì jẹ́ inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ rí onígun-onígun, 50 kò dá wà níbẹ̀, 150 àti 250 wà nínú rẹ̀. Ṣe ìṣirò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọfà tirẹ̀. Má fi ọfà 50 lé orí ti 150.