Ohùn tó ń jìnnà sí ètè nígbà tí a bá sọ fídíò 29.97 di 25

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo máa ń ya fídíò ìsìn àti ìnáwó ní Abẹ́òkúta. Kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà ni mo ń lò, 29.97 ni ó sì ń yà (ìyẹn iye fíréèmù, àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ gbé ìwàásù kan tí mo yà sáfẹ́fẹ́ sọ pé 25 nìkan ni àwọn ń gbà. Ẹnì kan wá fún mi ní àṣẹ yìí fún ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, mo sì lò ó bẹ́ẹ̀:

ffmpeg -r 30 -i iwaasu.mp4 -r 25 jade.mp4

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn àti ètè oníwàásù bára mu. Nígbà tó fi máa di ogójì ìṣẹ́jú, ohùn ti ń fi ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ pẹ́ lẹ́yìn ètè. Nígbà tí aádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, ó ti lé ní márùn-ún. Mo fa ohùn síwájú kí òpin lè gún, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún wá bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá. "-r 30" tó ṣáájú "-i" nínú àṣẹ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí a bá kọ "-r" sí ni ffmpeg fi ń mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Bí ó bá wà lẹ́yìn "-i", ní ìhà fáìlì tí yóò jáde, iye fíréèmù tí ẹ fẹ́ gbà ni ẹ ń sọ, ètò náà yóò sì yọ fíréèmù díẹ̀ kúrò tàbí kí ó tún àwọn kan lò lẹ́ẹ̀mejì títí iye náà yóò fi pé, láìfọwọ́ kan gígùn fídíò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣáájú "-i", ohun tí ẹ ń pa láṣẹ ni pé kí ffmpeg má wo àkókò tí kámẹ́rà kọ sára fíréèmù kọ̀ọ̀kan mọ́, kí ó máa kà wọ́n bí ẹni pé ọgbọ̀n géérégé ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà yín kò sì ya ọgbọ̀n géérégé.

Iye tí à ń pè ní 29.97 jẹ́ 30000 tí a pín sí ọ̀nà 1001. Bí a bá fi ọgbọ̀n géérégé sáré irú fíréèmù bẹ́ẹ̀, àwòrán yóò fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yára ju bó ti yẹ lọ. Ìwàásù aádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú jẹ́ 5400 ìṣẹ́jú àáyá. Àwòrán rẹ̀ yóò parí ní nǹkan bí 5394.6, ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ títí di 5400. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 5.4 ní ìparí, ó sì yẹ kí ó jẹ́ 2.4 ní ogójì ìṣẹ́jú, èyí tó bá ohun tí ẹ rí mu rẹ́gí. Àwòrán àti ohùn yín dà bí ẹni méjì tó jọ gbéra ní ẹnu ọ̀nà kan náà, tí ẹsẹ̀ ọ̀kan yá ju ti èkejì lọ ní tíńtín. Bí ẹ bá ti ọ̀kan síwájú, ibì kan ṣoṣo ni wọn yóò ti pàdé, wọn yóò sì tún pínyà. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ fi bàjẹ́ nígbà tí ẹ tún òpin ṣe.

Iná mànàmáná ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, 60 Hz ni iná wọn (ìgbà 60 ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tẹlifíṣọ̀n wọn sì ń lo 30 fíréèmù láyé aláwọ̀ dúdú àti funfun. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère dé ní 1953, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dín iye náà kù kí àmì àwọ̀ àti àmì ohùn má baà máa da ara wọn láàmú lójú ẹ̀rọ. Tiwa jẹ́ 50 Hz, òun ló fi di 25. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó tún ń lo irú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe àdínkù yẹn mọ́, síbẹ̀ àdínkù náà ṣì wà nínú kámẹ́rà tuntun tó wà lọ́wọ́ yín.

Bí fáìlì tí kámẹ́rà yà gan-an bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa jade.mp4 tì, kí ẹ sì tún un ṣe báyìí:

ffmpeg -i iwaasu.mp4 -vf fps=25 -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy jade2.mp4

Kò sí ohunkóhun níwájú "-i". "fps=25" yóò mú nǹkan bí fíréèmù kan nínú mẹ́fà kúrò, yóò sì fi àwọn tó kù sí àyè wọn gẹ́gẹ́ bí àkókò tí kámẹ́rà kọ sílẹ̀. "-c:a copy" ń mú kí ohùn kọjá bí ó ti wà, a kò yára rẹ̀, a kò sì fà á. Yíyí iye fíréèmù padà lọ́nà tó tọ́ kì í fọwọ́ kan ohùn rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ na ohùn kí 29.97 tó lè di 25, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni ó yí gígùn àwòrán padà.

Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá ti sọnù, tí ó sì jẹ́ jade.mp4 nìkan ló kù, ohùn ni a ó mú bá àwòrán. Ẹ fi MediaInfo, ètò tó ń fi àlàyé inú fáìlì hàn, wo gígùn àwòrán àti gígùn ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ pín ti ohùn pẹ̀lú ti àwòrán. Nínú ọ̀ràn tiyín, 1.001 ni yóò jáde, ẹ ó sì kọ ọ́ báyìí:

ffmpeg -i jade.mp4 -c:v copy -af atempo=1.001 -c:a aac -b:a 192k atunse.mp4

Iye tó bá ju 1 lọ ń mú ohùn yára, èyí tó kéré sí 1 ń fà á sẹ́yìn, "atempo" kì í sì í yí gíga ohùn padà. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n iye yìí. Àṣìṣe kékeré tí kò hàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yóò ti hàn gbangba kí ìwàásù tó parí.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí dúró lórí pé ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ ó bá òmíràn pàdé tí kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú fídíò tí wọ́n fi fóònù yà níbi ìnáwó. Fóònù kì í sábà ya iye fíréèmù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìyàwó bá ń jó nínú oòrùn, ó lè máa ya ọgbọ̀n, bí wọ́n bá wọ inú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè lọ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Àkókò fíréèmù kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì náà, ẹ̀rọ tó bá ń kà á kò sì ní ṣìnà, ìyẹn ni ó fi ń dára lójú fóònù. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e sínú ètò ẹ́díìtì tó gbà pé ọgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀, ohùn yóò fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yà síhìn-ín, yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún yà sí i níbòmíràn. Kò sí iye "atempo" kan tó lè tún irú èyí ṣe.

MediaInfo yóò fi "Variable" hàn ní iwájú "Frame rate mode" fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi ọwọ́ ẹ́díìtì kàn án, ẹ sọ ọ́ di oníye kan. Àṣẹ tó ní "fps=25" lókè yẹn yóò ṣe é, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i pé ohùn fúnra rẹ̀ já níbì kan, ẹ fi "-af aresample=async=1000 -c:a aac" rọ́pò "-c:a copy" kí ètò náà lè dí àlàfo náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè lo HandBrake, ètò mìíràn tó ń yí fídíò padà, kí ó yan "Constant Framerate" ní abala "Video", kí ó sì yan 25. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò, mo sì mọ̀ pé àwọn oníbàárà kì í fẹ́ dúró, àmọ́ kò tó àkókò tí ẹ ó fi máa gé ohùn sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ẹ́díìtì tán.

Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ iye kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní òpin, iye fíréèmù kọ́ ló fà á, ẹ kàn sún ohùn nìkan, ó tán.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí gígùn padà. Fíìmù sinimá jẹ́ 24, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ ní 25, wọ́n lè fi 25 sáré gbogbo fíréèmù rẹ̀, kí fíìmù ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kan náà yára ohùn. Bí wọn kò bá dá gíga ohùn padà, yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ga sókè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní yí ìtumọ̀ nítorí rẹ̀, nítorí gbogbo ohùn ló jọ gòkè pọ̀, àmọ́ onílù tó mọ ohùn ìyá ìlù rẹ̀ yóò bi yín pé ta ló fa awọ rẹ̀ le. Ẹ má lo ọ̀nà yìí fún ohun tí ẹ yà ní 29.97. Àwòrán yóò máa wọ́, gígùn rẹ̀ yóò sì yí padà láìnídìí.

Lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo inú àtò kámẹ́rà yín bóyá ẹ lè yí i láti NTSC (ìlànà Amẹ́ríkà) sí PAL (ìlànà tiwa), kí ó lè máa ya 25 fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìyára ṣọ́tà (àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé fún fíréèmù kan) sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Èrè kejì ni pé iná gbọ̀ngàn, tó ń ṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí 50 Hz tiwa, kò ní máa rìn gba ojú àwòrán kọjá mọ́.

Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ wò ó ní ibi mẹ́ta: nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rùn-ún. Ibi tí oníwàásù ti pe "b", "m" tàbí "gb" ni kí ẹ wá, nítorí ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí ìró wọ̀nyẹn tó lè jáde. Ẹ máa tẹ fíréèmù síwájú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí ètè yóò fi là lẹ́nu "bùkún", kí ẹ wo bóyá ibẹ̀ ni ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Fíréèmù kan ní 25 jẹ́ 40 mílísẹ́kọ́ǹdì. Ìwé ìlànà BT.1359 ti ITU, àjọ àgbáyé lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀, fi hàn pé ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura bí ohùn bá fi nǹkan bí 45 mílísẹ́kọ́ǹdì ṣáájú àwòrán, tàbí bí ó bá fi 125 pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí fíréèmù kan tàbí méjì tí ohùn fi pẹ́, tí kò sì pọ̀ sí i láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi ìkẹta, ẹ fi ránṣẹ́. Waya sì ni kí ẹ fi gbọ́ ohùn náà, kì í ṣe agbọ́hùn etí Bluetooth, nítorí Bluetooth fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ohùn pẹ́, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.