Ọjọ́ mélòó ló tó fún Kakadu?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá kí ẹ fi ọjọ́ kan wo ọgbà Kakadu ní Ọsirélíà, àbí kí ẹ bá afinimọ̀nà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ mú. Láti ìlú ńlá Darwin dé Jabiru, ìlú kékeré tó wà nínú ọgbà náà, nìkan ju 250 kìlómítà lọ. Inú ọkọ̀ ni ọjọ́ kan máa tán sí.

Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ. Bójò bá dé, omi á bo ọ̀nà tó lọ síbi omi Jim Jim tó ń já wá látorí àpáta. Kódà lẹ́ẹ̀rùn, jíìpù tó lágbára nìkan ló ń débẹ̀.

Ubirr, ibi àpáta kan nínú ọgbà náà, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹja wà tí wọ́n yà sára àpáta, tí ẹ ó máa rí eegun inú rẹ̀ kedere. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, àwọn Bininj, ọmọ onílẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà, ṣì ń gbébẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gun òkè rẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀.

Ní Yellow Water, adágún omi kan nínú ọgbà náà, ẹ wọkọ̀ ojú omi ní kùtùkùtù. Ọ̀nì á léfòó bí ìtì igi, ojú rẹ̀ nìkan ló máa yọ. Torí náà, ẹ má tẹsẹ̀ bọ omi kankan láìbéèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà, bó ti wù kó mọ́ tó.