Ọmọ yín kò ya ọ̀lẹ, kò rí ọ̀ọ́kán ni

Ìyá tó béèrè lánàá pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kì í rí ohun tí tíṣà bá kọ sójú pátákó, pé ìyá ọkọ òun sì ní awò á ba ojú ọmọ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ẹ tún béèrè pé ṣé àwa adúláwọ̀ náà máa ń ní irú ojú bẹ́ẹ̀. A máa ń ní in. Mo gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé wa bíi ti ìlà oòrùn Éṣíà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní Seoul lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun wò, 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Bí ọmọ bá ń fún ojú pọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 rí i lára bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti tó ogójì ọdún, ojú tó ń dàgbà sì wà lára ohun tó fà á fún àwọn kan. Ní kíláàsì tèmi ní Òṣogbo, a tó ọgọ́ta, n kò rántí ẹlòmíràn tó ní in. Nítorí náà, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un.

Níléèwé, olódo ni wọ́n pè mí. Mo ga, ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. Ohun tí tíṣà bá kọ dà bí èéfín funfun lójú mi, ni mo bá ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ẹni tó jókòó tì mí. Wọ́n ní mo ń jí ìwé wò, wọ́n nà mí. Ti ilé ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi dúró ní òdìkejì títì, mo kọjá lọ láìkúnlẹ̀. Kí n tó délé, ẹjọ́ ti dé. Bàbá mi ní òun kò bí ọmọ tí yóò rí àgbà tí yóò gbójú sókè. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ méjèèjì lókè. N kò rí àwíjàre kankan ṣe, torí n kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn lè dá ojú ẹni mọ̀ láti òdìkejì títì. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀. Mo ti kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ rí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi mí ṣẹ̀sín títí mo fi sunkún.

Mo ti pé ọdún 17 kí wọ́n tó mú mi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Ó gbé férémù irin wúwo kan lé mi nímú, ó ń ki dígí bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé, "Èyí àbí èyí?" Ibi tó já sí ni máínọ́ọ̀sì 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ojú mi lè rí kedere kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 25, kò tó gígùn rúlà. Ẹyinjú mi ló gùn sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo wọ awò náà délé, ìyá bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ẹnu géètì ni mo ti rí pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mẹ́ta mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, àfi tí mo bá gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀ kí n tó rí i. Bàbá mi ka ìwé tí dókítà kọ, wọn kò sọ̀rọ̀. Lálẹ́, wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n ní kí n má bìínú.

Ní ti pé awò ń ba ojú jẹ́, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà nígbà tí ti ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ń dàgbà, ẹyinjú rẹ̀ ń gùn sí i, nọ́ńbà awò rẹ̀ á máa lọ sókè, ì báà wọ awò, ì báà má wọ̀ ọ́. Awò ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi. Ní Màléṣíà, wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní awò tí agbára rẹ̀ kò tó, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó pé. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, ojú àwọn tí wọn kò fún ní èyí tó pé ló yára burú jù. Ẹ rọra ṣàlàyé ìyẹn fún Màmá.

Ohun tó ń dáàbò bo ojú ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ìta gbangba. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kì í jẹ́ kí ẹyinjú tètè gùn, ìdí nìyẹn tí Taiwan fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2010 pé kí àwọn ọmọ iléèwé máa lo ìṣẹ́jú 120 níta lójoojúmọ́. Ẹ̀rù àwọn ọmọ wa ní Èkó ń bà mí. Iléèwé, ó di lẹ́sìnnì, lẹ́yìn náà fóònù, oòrùn ti wọ̀. Bí ọmọbìnrin yín bá ní àbúrò, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣeré níta.

Ẹ bo ojú ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ka pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, torí ojú kan lè dára kí ó máa bo àṣírí èkejì. Ẹ má ra awò ẹ̀gbẹ́ títì fún un o: tàwọn àgbà tó ń kàwé ni ọ̀pọ̀ wọn, á tún mú ọ̀ọ́kán ṣú sí i. Ní ọsibítù, ẹ béèrè bóyá wọ́n á kán oògùn sí i lójú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí láìsí i, nọ́ńbà ọmọdé lè ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ mú fìlà dání fún un lọ́jọ́ náà, torí oògùn náà á jẹ́ kí oòrùn máa ta á lójú tí ẹ bá ń bọ̀ nílé.