Ẹ Má Fi Ìgbálẹ̀ Gbígbẹ Kan Ìgbẹ́ Eku

Ojú ìwé Bàbá Wolé-wolé: ẹ bi mí, mà á dá yín lóhùn

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́ o. Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, l'Amẹ́ríkà, ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì ń gbé. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni a kò ti ṣí gáréèjì wa. Ìgbà tí a máa ṣí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbẹ́ eku ti kún orí gbogbo ẹrù, wọ́n sì ti gé aṣọ òkè tí mo kó wá láti ilé, wọ́n fi ṣe ìtẹ́. Ọkọ mi ti mú ìgbálẹ̀ dání, mo ní kó dúró. Mo rántí pé wọ́n ní àrùn eku ló pa ìyàwó Gene Hackman, òṣèré nì, ní Santa Fe tí kò jìnnà sí wa. Kí ni ká ṣe? Ṣé kí n kó àwọn ọmọ kúrò nílé ni?

ÈSÌ: Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ dá ọkọ yín dúró. Ẹ ti ilẹ̀kùn gáréèjì náà pa títí ẹ ó fi ka èsì yìí tán. Àwọn ọmọ lè wà nílé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ rántí. Oṣù kejì ọdún 2025 ni Betsy Arakawa, ìyàwó Hackman, kú nílé wọn ní Santa Fe. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí hantavirus ń fà ló pa á. Ara eku ni kòkòrò àìfojúrí yìí ń gbé, kì í sì í ṣe eku náà ní nǹkan kan. Á máa jẹ, á máa mu, á máa bímọ, kòkòrò náà á máa bá ìtọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti itọ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Kò dìgbà tí eku bá gé yín jẹ. Bí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ yẹn bá gbẹ tán, tí ẹnì kan wá fi ìgbálẹ̀ kàn án, eruku á gbéra, ẹni tó ń gbálẹ̀ á sì fà á símú. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé jù nìyẹn.

Agbègbè yín gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ mọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín ẹ̀yà Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, sárésáré tí ara rẹ̀ le kokooko, kò lè mí délẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Gallup, ó kú. Ìsìnkú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ náà, irú àìsàn kan náà ló sì pa ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń wádìí kiri ni wọ́n ń rí àwọn mìíràn, ọ̀dọ́ tí kò sí àrùn kankan lára wọn tẹ́lẹ̀. Àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, èsì tó jáde sì ya gbogbo wọn lẹ́nu: ẹ̀jẹ̀ náà ń jà bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti bá hantavirus ti Kòríà pàdé.

Ti Kòríà yẹn ti pẹ́. Nígbà ogun ibẹ̀, láàárín 1951 sí 1953, ó lé ní 3,000 ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ibà kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ dá dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ọ̀mọ̀wé Ho Wang Lee ló wá rí kòkòrò náà ní 1976, nínú ẹ̀dọ̀fóró eku oko. Odò Hantan tó wà ní agbègbè ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó retí pé ìbátan rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró pa ènìyàn.

Wọ́n dẹ pàkúté. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, wọ́n mú nǹkan bí 1,700 eku. Èyí tí wọ́n ń pè ní deer mouse ló pọ̀ jù níbẹ̀, eku kékeré tí ojú rẹ̀ yọ, tí ikùn rẹ̀ funfun. Nínú mẹ́wàá rẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta ló ní àmì kòkòrò náà lára. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún yẹn? Ọ̀dá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yìnyín àti òjò wá rọ̀ gan-an, èso igi piñon so wọ̀ǹtìwọnti, eku sì rí oúnjẹ jẹ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì New Mexico ti ń ka eku tẹ́lẹ̀ ní Sevilleta, ibi ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ yín. Àwọn ló rí i pé láti ọdún 1992 sí 1993, eku ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ibi tó dùn mí nìyí. Àwọn àgbà Navajo mọ̀. Àṣà wọn ti pẹ́ tó kìlọ̀ pé eku kò gbọ́dọ̀ bá ènìyàn gbé ilé, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ, kí wọ́n sun aṣọ tí eku bá fara kàn. Wọ́n sì sọ fún àwọn olùwádìí pé ọdún tí èso piñon bá pọ̀ ni ikú bẹ́ẹ̀ ń wá. Síbẹ̀ orúkọ ẹ̀yà wọn ni àwọn oníròyìn fi pe àrùn náà, àwọn ènìyàn wá ń sá fún wọn bí ẹni pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi wọ ilé onílé, mo mọ̀ pé ìyá àgbà tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ló máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, bí a bá ní sùúrù láti bi í.

Ó yá, gáréèjì yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ po bílíìṣì ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, kó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ó pò ó, kí ẹ rọra wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ àti ìtẹ́ náà títí yóò fi rin gbindingbindin. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi pépà ìnuwọ́ kó o, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sọ ọ́ sínú agolo ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Kò sí ìgbálẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí. Àwọn ìyá wa kì í gbá ilẹ̀ eléruku láìwọ́n omi sí i. Ohun kan náà ni mo ń sọ, àfi pé omi nìkan kò tó níbí. Aṣọ òkè tí wọ́n ti fi ṣe ìtẹ́, mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bá ìtẹ́ lọ. Èyí tó kù, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbé e síta, kó wà nínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ dí gbogbo ihò; èyí tí pẹ́ńsùlù lè wọ̀, eku á gbabẹ̀ kọjá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín, tí itan, ìbàdí àti ẹ̀yìn ń ro ó, ẹ má dúró de ìgbà tí ikọ́ máa bẹ̀rẹ̀ tí èémí á sì máa há. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà jẹ́ pé ẹ bá ìgbẹ́ eku pàdé. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yìí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti ìtọ́jú tó yá ló ń gba ẹ̀mí là. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kọlu ẹ̀dọ̀fóró wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin tó ń kú. Àmọ́ kì í ṣe àrùn tó ń mú ènìyàn lójoojúmọ́: láti 1993 títí di òpin 2022, 864 ni iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, kí ẹ ṣe é bó ṣe yẹ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, gàrí ni mo ń tà ní Ọ̀wọ̀. Ṣé kì í ṣe ibà Lassa náà ni wọ́n ń pè ní hantavirus yìí? Ṣé ó wà nílẹ̀ Áfíríkà? Ṣé ó ń ran ẹlòmíràn?

ÈSÌ: Ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìyá gàrí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ eku ni méjèèjì ti ń wá. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti mọ ibà Lassa ní 1969, eku tó lọ́mú púpọ̀ ló sì ń gbé e. Ibà Lassa lè ti ara aláìsàn ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ti pa nọ́ọ̀sì àti dókítà wa. Hantavirus kì í sábà ran ènìyàn sí ènìyàn, àfi irú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Andes. Ní abúlé Epuyén l'Ajẹntínà, ibi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ní ìparí 2018. Ẹni 34 ló mú, 11 kú.

Ní Áfíríkà, orílẹ̀-èdè Guinea ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lára eku igbó kan, ní 2006. Sangassou ni wọ́n pè é. Àwọn olùwádìí sì ti rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀ yín, ibà Lassa ni kí ẹ máa sọ́ra fún. Nígbà tí mo ṣì ń wọ kákí, mo máa ń bá gàrí àti láfún tí wọ́n sá sórí ọ̀dà, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn, eku á sì jẹ ẹ́ mọ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa kó tiyín wọlé kí oòrùn tó wọ̀, inú ike tó ní ìdérí ni kó wà, kì í ṣe àpò. Bí ibà bá mú yín tí oògùn ibà kò ràn án, Federal Medical Centre tó wà nílùú yín mọ ìtọ́jú Lassa dáadáa. Ẹ tètè lọ. Oògùn ribavirin tí wọ́n ń lò dára jù bí aláìsàn bá yá débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní London. Ẹni tí a jọ ń gbé ń sin eku méjì nínú àgò, ológbò sì wà nílé. Ṣé ewu wà?

ÈSÌ: Ọmọ mi, ó lè wà. Irú hantavirus kan wà tí wọ́n ń pè ní Seoul, eku ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé e, ìran eku yẹn náà sì ni àwọn ènìyàn ń sìn nílé. Ní Bìrìtìkó, àwọn tó ń sin eku ti kó o ní 2012 àti 2013. L'Amẹ́ríkà ní 2017, ilé ìsìn eku 31 ní ìpínlẹ̀ 11 ni wọ́n ti rí i. Kíndìnrín ló máa ń bá jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì là á já. Ojú kò lè fi mọ eku tó ní in, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ bi dókítà ẹran. Kó máa rin ohun tó wà nísàlẹ̀ àgò náà kó tó kó o dànù, kì í ṣe nínú ilé ìdáná, kí ẹ sì máa fọwọ́. Ní ti ológbò, wọ́n ti rí àmì kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń kó o ran ènìyàn. Òkú eku tó bá gbé wọlé ni kí o má fọwọ́ lásán mú.