Ìwọ tó fẹ́ háyà bàbá fún ìdána, gbọ́ tẹnu mi ná

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. O ní bàbá rẹ ti di olóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fàáké kọ́rí pé àwọn ò ní tẹ̀ lé ẹ dé ilé ọmọbìnrin tó o fẹ́ fẹ́. O wá ń bèèrè pé eélòó ni èèyàn máa ń san tó bá fẹ́ háyà ẹni tó máa ṣe bàbá níbi ìdána, àti pé níbo lo ti lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tí àṣírí ò ní tú. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi gan-an ni bàbá tí wọ́n háyà.

Iṣẹ́ tíátà ni mò ń ṣe. N kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká o. Èmi ni lánlọ́ọ̀dù tó wá gba owó ilé, èmi ni dókítà tó bọ́ síta tó ní "a ti sa gbogbo ipá wa," tí ẹ ò tún ní rí mi mọ́ títí fíìmù á fi parí. Ẹni tó máa ń kó irú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ló pè mí pé iṣẹ́ kan wà, ọjọ́ kan péré ni, oúnjẹ ńbẹ, aṣọ ńbẹ, owó ẹ̀ sì sàn ju ti fíìmù lọ. Ọjọ́ kan péré!

Ìdána fúnra ẹ̀ kò le, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Alága ìdúró ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa wọlé, ìgbà tẹ́ ẹ máa dọ̀bálẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa náwó. Alága ìjókòó náà á máa fa tiẹ̀ yọ lápò yín. Wọ́n ka lẹ́tà, wọ́n to ẹrù ìdána, iṣu méjìlélógójì, obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀. Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìṣíjú ìyàwó, o mọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n dá owó orí padà, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ. Ẹni tó bá ti ṣe tíátà rí, kò sí ohun tó máa bà á lẹ́rù láàárín ariwo yẹn.

Ìgbà tí oúnjẹ dé ni ẹ̀rù tó bà mí. Bàbá àgbà kan láti ilé ìyàwó fa àga ẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ní Òwu lẹ ti wá, l'Ábẹ́òkúta. Agbo ilé wo?" Mo dárúkọ agbo ilé tí ọmọkùnrin tó háyà mi kọ sínú bébà fún mi. Bàbá yìí rọra jẹ ẹran ẹnu ẹ̀ tán, ó fi èékánná yọ èyí tó há sí i léyín, ó ní, "Ẹ ò fọhùn bí ará Abẹ́òkúta." Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ohùn mi ò ṣeé fi pamọ́. Mo ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ó tún mú ẹran míì. Lábẹ́ agbádá, òógùn ti ṣàn dé bèbèrè ìdí mi.

Ìyẹn náà kọ́ ni ìṣòro. Kó o tó bèèrè owó, ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bèèrè ni pé títí di ìgbà wo ni ẹni náà máa fi jẹ́ bàbá rẹ. Ìgbéyàwó Yorùbá kì í parí lọ́jọ́ ìdána. Gbàrà tó o bá ti mú ọkùnrin kan wọ ilé wọn pé bàbá rẹ nìyí, wọ́n ti ní àna nìyẹn, wọ́n á sì máa pè é. Bàbá ìyàwó gba nọ́ńbà mi lọ́jọ́ náà, ó ń pè mí ní àárọ̀ Sunday kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ ìfúnpá, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò san. Èèyàn dáadáa ni, kí n má purọ́. Mo gbádùn ẹ̀ ju àwọn àna mi gangan lọ.

Ọmọ wá dé. Ọmọkùnrin yìí sáré wá bá mi, ó ní wọ́n ti ń bèèrè bàbá ọkọ. Ṣé o mọ̀ pé ilé bàbá ọmọ ló ni ìsọmọlórúkọ. Ẹnu bàbá àgbà ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, mo fi iyọ̀ àti oyin kàn án lẹ́nu, mo sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo ilé ń ṣe àmín, wọ́n ń ju owó sínú abọ́ omi. Mo tún kì í, oríkì ilé tí n kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Orúkọ tí mo sọ ọmọ yẹn ló wà nínú ìwé ìbí ẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ìyá bàbá ìyàwó kú ńkọ́? Wọ́n retí àna pẹ̀lú màlúù àti onílù. Ṣé èmi ni n ó ra màlúù?

Owó ló wá bà á jẹ́. Ọmọkùnrin náà ní òun fẹ́ rìnrìn àjò, owó ò pé. Ìyá ìyàwó lọ yá owó ní kọpuréètìfù, wọ́n sì ní kí bàbá ọkọ wá jókòó tì í kí wọ́n tó kà á fún un. Mo lọ jókòó. Wọ́n kà á lójú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí bàbá. Ó lọ. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe tèmi, tí èmi náà pa fóònù mi.

Àfi bí ìyàwó ṣe ń wo fíìmù Yorùbá kan lórí YouTube lálẹ́ ọjọ́ kan, tí lánlọ́ọ̀dù wọlé tó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Ìyàwó dá fíìmù náà dúró, ó fà á padà, ó tún un wò. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ìwọ tó ní o fẹ́ òṣèré torí pé òṣèré mọ̀ ọ́n ṣe, ronú sí i. Gbogbo fíìmù wa ló ti wà lórí YouTube báyìí, àti èyí tí a ṣe nígbà tí irun wa ṣì dúdú.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti wá gbé mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n tíì fá, ìyẹn ni mo gbé dé tèṣọ̀n. Wọ́n kọ "béèlì ọ̀fẹ́ ni" sára ògiri ńlá, lábẹ́ ìkọ̀wé yẹn gan-an ni wọ́n ti gba owó bébà, owó bírò àti owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi wá mú mi. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí wọn ò rí ọmọ, bàbá ló máa dúró fún un. Irọ́ ni! Abala 7 nínú ACJA tọdún 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, n ò mọ nǹkan kan, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kò sọ.

Wàyí o, wo bí okùn ṣe lọ́ mọ́ mi lọ́rùn. Tí mo bá dákẹ́, bàbá ni mí, wọ́n á tì mí mọ́lé nítorí ọmọ mi. Tí mo bá ní n kì í ṣe bàbá ẹ̀, ta wá ni mí? Nígbà tí ẹ̀fọn ò jẹ́ kí n sùn lẹ́yìn káńtà, mo ní kí wọ́n gba sítétímẹ́ǹtì mi, mo sọ òótọ́. IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ mi, gbé bírò sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti bá wa ṣiṣẹ́ tán nìyẹn." Ó mú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, wá, abala 484: ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ alààyè ìbáà jẹ́ òkú, láti fi lu èèyàn ní jìbìtì, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ó ka "ìbáà jẹ́ òkú" yẹn lẹ́ẹ̀kejì fún mi. Torí orúkọ bàbá ọmọkùnrin náà tó ti kú ni mo jẹ́, òun ni alága fi ń kí mi, òun ló wà nínú ìwé ìpè. Mo rò pé àwọn ará ilé ìyàwó mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ti kú, pé wọ́n kàn ń bá a bo ọ̀rọ̀ náà ni. Wọn ò mọ̀ rárá.

Lọ́yà tí mo gbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bí mi nínú títí dòní. "Láti fi lu jìbìtì" ló wà nínú òfin yẹn. Èmi ò jẹ nínú owó kọpuréètìfù, n ò mọ̀ pé ó fẹ́ sá lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí lọ́yà dì mú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń pè mí ní "my client" níwájú DPO, ọ̀gá tèṣọ̀n, ó gbowó, ó ní ká pàdé ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní kí n mú onídùúró wá, kó sì jẹ́ ẹbí mi. Ọmọ bíbí inú mi, tó ń ṣe tíṣà, ló wá. Ó ní láti jókòó kí IPO ka gbogbo sítétímẹ́ǹtì náà fún un, dórí ìsọmọlórúkọ. Èmi kọ́ ni mo sọ ọmọ tiẹ̀ lórúkọ o, mo wà ní lokéṣàn nígbà yẹn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Bàbá ìyàwó, ọ̀rẹ́ mi àárọ̀ Sunday, òun ló wá ní kí wọ́n fà á sílẹ̀ fún ẹbí. A jókòó, mo san díẹ̀díẹ̀ nínú owó náà, wọ́n yọ ẹjọ́ kúrò. Kò pè mí mọ́.

Ẹnì kan dá ẹ lóhùn lókè pé ní Japan, ilé-iṣẹ́ wà fún irú ẹ̀, pé ó yẹ ká ní tiwa. Lóòótọ́, ó wà. Ishii Yuichi ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Family Romance, wọ́n ń rán bàbá lọ síléèwé, wọ́n ń rán ọ̀rẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó, wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó. Ìwé ìròyìn The New Yorker kọ ìtàn gígùn nípa irú iṣẹ́ yìí lọ́dún 2018, ìtàn náà gba ẹ̀bùn, kó tó wá hàn pé mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ti parọ́ fún oníròyìn. Wọ́n dá ẹ̀bùn padà. Ẹni tó ń fi irọ́ jẹun, òótọ́ wo lẹ fẹ́ kó sọ fún yín? Àti pé àna ti ibẹ̀ kì í retí màlúù.

Tó o bá ń gbèrò láti fi fọ́tò ìdána náà wá físà lọ́jọ́ iwájú, má dán an wò. Fọ́ọ̀mù ti UK ń béèrè orúkọ bàbá àti ìyá àti ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n lè fi ọdún 10 ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fi ẹ̀tàn wá físà, ti Amẹ́ríkà sì lè jẹ́ títí ayé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ẹ́ pé o ò lè ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù láìsí bàbá. Tó o bá ti pé ọdún 21, òfin ò béèrè ìyọ̀ǹda òbí. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n á sì lẹ orúkọ yín mọ́ ara pátákó fún ọjọ́ 21.

Àmọ́ ìdána lo bèèrè. Ṣé o mọ̀ pé o ò nílò irọ́ kankan níbẹ̀? Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ti kú. Mú àbúrò ìyá rẹ, tàbí àgbààgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí rẹ, tàbí ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́, kí alága dárúkọ ẹ̀ gangan pé ẹni tó dúró bíi bàbá fún ọmọ yìí nìyí. Wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé fóònù ní àárọ̀ Sunday lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni kó o wá, má wá ẹni tí agbádá yẹ.

Owó tó o bèèrè: kò ní iye kan pàtó, ẹnu lẹ máa fi nà án, ẹni tó mú un wá náà á gba tiẹ̀. N ò ní fún ẹ ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

O ò sọ bóyá ọmọbìnrin náà fúnra ẹ̀ mọ ohun tó o fẹ́ ṣe. O ò sì sọ ohun tó fà á tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò fi fẹ́ lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ ìlú tó ti wá ni, àbí ẹ̀sìn, àbí ilẹ̀ bàbá rẹ ni wọ́n ń bá ẹ jà lé lórí? Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, wá bá mi ní inbox, ìyẹn ní ọ̀nà tiẹ̀.